Ọ̀pá Funfun àbí Ẹni Tó Ń Múni Rìn?
Ẹni tójú rẹ̀ fọ́ tí kò ní là mọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ìrìn lákọ̀tun. Láàárín èrò ọjà, ẹni tó ń múni rìn dára, bó bá jẹ́ pé afọ́jú ló di apá rẹ̀ mú lókè ìgbọ̀nwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á bí ewúrẹ́!

Ṣùgbọ́n ọ̀pá funfun ni mo fara mọ́ jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Richard Hoover, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, gbé ìlànà bí wọ́n ṣe ń lò ó kalẹ̀ fáwọn sójà Amẹ́ríkà tójú wọn fọ́: bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ, ọ̀pá á ti kan ilẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni afọ́jú ṣe ń tètè mọ̀ pé gọ́tà wà níwájú. Ẹni tó ń múni rìn lè rìnrìn àjò. Àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ̀pá wà nígbà gbogbo.