Yessongs tàbí Progeny: èwo ni kí ẹ fowó yín rà?

Bí ẹ bá ti pẹ́ láàrin àwa olólùfẹ́ Yes, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, etí yín á ti kún fún àríyànjiyàn yìí. Gbogbo wa gbà pé ọdún 1972 ni iná wọn jó jù lórí ìtàgé: Jon Anderson ń kọrin, Steve Howe wà nídìí gìtá, Chris Squire ń ta béèsì, Rick Wakeman jókòó láàrin àwọn kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, Alan White sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sídìí ìlù. Ibi tí a ti ń yapa ni àwo tó yẹ kí èèyàn rà láti fi gbọ́ ọdún náà. Àwọn kan ní Yessongs ni, rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta tó jáde nínú páálí kan ní 1973. Àwọn mìíràn ní Progeny ni, àpótí tó jáde ní 2015, tó kó eré alẹ́ méje jọ sínú sídì 14, láti Toronto ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá títí dé Uniondale ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1972. Progeny kékeré tún wà, tí wọ́n ṣà látinú àpótí ńlá náà sí sídì méjì tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta.

Yessongs ni mo kọ́kọ́ rà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì rà á. Ohun tó jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kí owó yín má baà bá tèmi lọ.

Ojú àwo tí "Close to the Edge" wà

Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù Yessongs, "Close to the Edge" nìkan ló gba odindi ojú àwo kan. Orin náà lé ní ìṣẹ́jú 18. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í fi agbára sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gìtá àti béèsì á kọ́kọ́ máa lé ara wọn bí ìjì, àfi lójijì tí gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀ ní apá kẹta, "I Get Up, I Get Down". Ìlù á dákẹ́, ohùn Anderson àti ti àwọn tó ń gbè é á máa léfòó lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dùùrù ńlá bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì á fi bú jáde. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkàn orin náà wà. Ibẹ̀ náà ni rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti jìyà ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀, torí kò sí ariwo kankan níbẹ̀ tó lè bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Àlòkù ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹni tó tà á fún mi ní ó mọ́, ó pé. Mo yọ rẹ́kọ́ọ̀dù kìíní, mo gbé e sábẹ́ iná, ó ń dán gbinrin. A gbé e sórí ẹ̀rọ, "Siberian Khatru" jáde bó ṣe yẹ kó jáde, inú mi dùn, mo sanwó. Mi ò yọ ìkejì, mi ò yọ ìkẹta. Nígbà tí mo délé tí mo wá dé orí "Close to the Edge", bí ohùn ṣe ń rọlẹ̀ báyìí ni abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó wá há sójú kan, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Mo gbé e kúrò, mo wò ó. Ìlà kan gba ojú rẹ̀ kọjá láti etí dé ìtòsí àárín, ó jìn débi pé èékánná mi ń kọ́ ọ. Mo fọ àwo náà, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ, mo tún ìwúwo apá abẹ́rẹ́ ṣe. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà èkùrọ́. Àwo tó ti há, háhá náà ló ń há. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní ṣebí mo yẹ ẹ́ wò kí n tó gbé e. Mi ò rí èsì kankan fún un, torí òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí Yessongs àlòkù tí ọkàn yín fà sí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ yọ jáde. Ẹ ka àárín wọn dáadáa, kí ẹ rí i dájú pé àwo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, torí àwo tó bá ti gba ọwọ́ olówó púpọ̀ kọjá lè ti ṣèèṣì bá èkejì rẹ̀ pààrọ̀ ilé. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ iná, ẹ má kàn gbé e síwájú iná gbọnrangandan, ìlà kéékèèké kì í hàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí àárín ojú "Close to the Edge" tààrà, kí ẹ dúró gbọ́ ọ títí tó fi parí.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbọ́ ọ parí nìyí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ àárín rẹ́kọ́ọ̀dù, ọ̀nà tó ń rìn nínú yíyípo kan ń kúrú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohùn òkè ń rẹ̀, tí ohùn tó le sì ń ya. Ìparí "Close to the Edge", níbi tí gbogbo wọn ti padà wọlé pẹ̀lú agbára, ibẹ̀ gan-an ló bọ́ sí. Àwo tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ tó jẹ gbọ́ fún ọdún pípẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, bí kò tilẹ̀ sí ìlà kankan lójú rẹ̀. Ojú ò lè rí èyí. Etí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ohùn fúnra rẹ̀

Lẹ́ẹ̀kejì, sídì Yessongs ni mo rà, méjì nínú páálí kan. Kò há, kò fò. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ìlà nìkan kọ́ ló ń bá mi jà. Ohùn Yessongs ṣú láti ilé wá. Ó dà bíi pé aṣọ tó nípọn ló bo sípíkà: béèsì àti ìlù wọ inú ara wọn, gìtá Howe á yọjú, á tún rì, ohùn àwọn tó ń gbè Anderson sì jìnnà réré. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Agbára ń bẹ nínú àwo yẹn, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ooru gbọ̀ngán náà ń bà yín lójú, béèsì Rickenbacker Squire ń kùn bí ẹranko, ìparí "Starship Trooper" sì lè gbé èèyàn dìde lórí àga. Àwọn tó fi àwo yìí dàgbà fẹ́ràn ṣíṣú yẹn gan-an, wọ́n ní ohun tó jẹ́ kó dà bí eré tòótọ́ nìyẹn. Mo gbọ́ wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Progeny. Téèpù àtijọ́ tí ohùn olúkúlùkù wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀ ni wọ́n lọ gbé jáde, tí wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ pò láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ yẹn ká kúrò lórí sípíkà. Ẹ óò gbọ́ bí ike kékeré tí Squire fi ń ta okùn ṣe ń kan okùn náà. Ẹ óò mọ ohùn Squire yàtọ̀ sí ti Howe nígbà tí wọ́n bá ń gbe "I've Seen All Good People". Nínú "Heart of the Sunrise", ibi tí wọ́n ti ń sáré tí wọ́n sì ń dúró lójijì, ẹ óò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàrin, èyí tí n kò mọ̀ rí lórí Yessongs pé ó wà. Ọdún 2015 tí àpótí yìí jáde náà ni Squire kú, ní oṣù kẹfà. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, àwo yìí ni a fi gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ ọdún 1972 kedere fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó lọ.

Ohun tí Progeny pàdánù ni ooru. Àtẹ́wọ́ èrò jìnnà, gbọ̀ngán kéré létí, àṣìṣe wọn sì hàn kedere. Èmi fẹ́ràn àṣìṣe yẹn. Ẹlòmíràn lè má fẹ́ràn rẹ̀.

Onílù

Níbí, Yessongs ló ni ọjọ́. Bill Bruford, onílù wọn tẹ́lẹ̀, ló lùlù nínú "Close to the Edge" tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ìtàgé, ó ti bá ẹgbẹ́ mìíràn, King Crimson, lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni White fi kọ́ gbogbo orin wọn kí eré àkọ́kọ́ tó wáyé ní Dallas ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1972. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Toronto, oṣù mẹ́ta ti kọjá, ìlù náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́: ó wúwo ju ti Bruford lọ, ó sì tọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Progeny, White nìkan ni. Yessongs ní àwọn méjèèjì, torí Bruford ló wà nínú "Perpetual Change", níbi tó ti dá ìlù lù, àti "Long Distance Runaround" tó so mọ́ "The Fish". Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ọwọ́ Bruford, kó lọ ra Yessongs, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ṣé orin kan náà lẹ́ẹ̀méje kò pọ̀ jù?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí. Lóòótọ́, àtòjọ orin alẹ́ méjèèje fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra pátá: orin Stravinsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń kọ orin kíláásíkà, á ṣíṣọ, "Siberian Khatru" á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bọ̀ dé "Roundabout". Síbẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Howe kì í ta gìtá àdáṣe rẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wakeman náà ń yí nǹkan padà nínú apá tó mú wá látinú The Six Wives of Henry VIII, àwo tirẹ̀ tí kò tíì sí lọ́jà rárá nígbà yẹn. Oṣù kìíní 1973 ló tó jáde. Ẹ rò ó wò: àwo Close to the Edge, tí orin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ lọ́wọ́ àwọn èrò tó jókòó síbẹ̀. Orin tó ti di àgbà létí wa, ọmọ tuntun ni létí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra sídì 14 ní àkọ́kọ́. Èmi ra èyí tó kéré, mo gbọ́ ọ fún ọdún kan gbáko kí ebi alẹ́ méje tó pa mí. Ẹni tí ebi yẹn ò bá pa kò pàdánù nǹkan kan.

Àwọn tó kù

Páálí: Roger Dean ló ya ti méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Yessongs, tó ń ṣí sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, kò lẹ́gbẹ́. "Starship Trooper" ò sí nínú Progeny. Fíìmù tó ń jẹ́ Yessongs, gbọ̀ngán Rainbow ní London ní oṣù kejìlá 1972 ni wọ́n ti yà á, ẹ má rò pé orin àwo náà ló wà nínú rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Àwọn kan á ní kí àwọn kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí àwọn lọ wò wọ́n lójúkojú. Ó dára, Howe ṣì ń ta gìtá. Ṣùgbọ́n nínú àwọn márùn-ún ọdún 1972, òun nìkan ló kù nínú ẹgbẹ́ náà. White kú ní 2022, Anderson àti Wakeman ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ lọ nítorí Howe, ẹ má lọ nítorí 1972.

Èwo wá ni?

Bí Bruford bá ṣe pàtàkì sí yín, tàbí "Starship Trooper", tàbí bí ẹ bá fẹ́ páálí tí ẹ óò ṣí sórí ẹsẹ̀ kí ẹ sì máa wò, Yessongs ni. Ẹ ra sídì rẹ̀, tàbí kí ẹ ra rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ ti fi etí ara yín gbọ́ dé àárín. Bí kò bá sí èyí tó ká yín lára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Progeny kékeré, sídì méjì, ni kí ẹ mú. Àwo méjèèjì yẹ nínú ilé olólùfẹ́ Yes, èmi náà sì ní méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan Yessongs.

Nígbà tí ẹ bá gbé Progeny délé, ẹ fi headphone sétí, kí ẹ lọ tààrà sí "Close to the Edge". Ẹ dúró de ibi tí ìlù ti dákẹ́, tí Anderson bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń dá a lóhùn. Láti ìgbà tí àwo àkọ́kọ́ yẹn ti fò mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo ti ń wá ibẹ̀ yẹn. Inú Progeny ni mo ti rí i gbọ́ kedere látòkè délẹ̀.