Bóòtù, lọ́ọ̀gì àti wọ́ṣà orí bátìrì ínfátà: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Àwa tí a ń gbé inú ìlú náà sì ń ra bátìrì bíi ti gbogbo èèyàn, láti Òkè-Fìà títí dé Alẹ́kúwodò. Ohun tó ń dùn mí ni pé èèyàn á kó owó ńlá lé bátìrì àti ínfátà, á wá jẹ́ kí wọ́n fi bóòtù àlòkù tó wà nísàlẹ̀ àpò irinṣẹ́ oníná dè é. Bẹ́ẹ̀ ibi tí bóòtù yẹn dì pọ̀ ni gbogbo iná tí ilé ń lò ti ń kọjá, ibẹ̀ sì ni jàǹbá ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ohun tí ẹ tàn bá jẹ wáàtì 1,000, tí bátìrì yín sì jẹ́ fólítì 12, áńpù tó ń ti ibẹ̀ jáde ju 80 lọ. Bó bá jẹ́ fólítì 24, ìdajì rẹ̀ ni. Ká wá ní ojú ibi tí ẹ so kò dì dáadáa, tí ìdajì fólítì péré ń ṣòfò níbẹ̀ nígbà tí áńpù 100 ń kọjá: wáàtì 50 ló ń di ooru lójú kan ṣoṣo. Ooru yẹn tó èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, orí bátìrì yín ló sì wà láti alẹ́ mọ́jú.

Lọ́ọ̀gì ni orí olójú ihò tí wọ́n ń fún mọ́ ẹnu wáyà; tẹ́míná ni orí bátìrì tí wọ́n ń dè é mọ́. Ojú lọ́ọ̀gì tó lẹ̀ mọ́ ojú tẹ́míná ni iná ń gbà. Bóòtù kàn ń fún àwọn méjèèjì pọ̀ ni. Nítorí náà, ara lọ́ọ̀gì ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ, kó tó kan bóòtù.

Lọ́ọ̀gì: bàbà tí wọ́n fi tánganran bò, bàbà lásán, alumíníọ̀mù

Bàbà tí wọ́n fi tánganran (èyí tí òyìnbó ń pè ní “tin”) bò ni mo fara mọ́ jù. Ó funfun lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi abẹ ha etí rẹ̀ díẹ̀, pupa bàbà á yọ. Tánganran yẹn kì í jẹ́ kí ásíìdì tètè ráyè jẹ bàbà inú rẹ̀. Bàbà lásán náà ń gbé iná dáadáa, ó dín lówó, ó sì tó fún bátìrì lítíọ̀mù tó wà ní yàrá gbígbẹ. Lórí bátìrì olómi, nǹkan aláwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀, àfi kí ẹ máa nù ún lóòrèkóòrè.

Èyí tí ẹ bá ha tó funfun wọnú, alumíníọ̀mù ni. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Bí alumíníọ̀mù bá fara kan bàbà níbi tí ọ̀rinrin wà, alumíníọ̀mù náà á máa jẹrà, ohun tó sì ń yọ lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ooru tún máa ń jẹ́ kó dẹ̀. Ẹ fi ojú kan náà wo wáyà: ẹ gé orí rẹ̀, ẹ ha okùn kan nínú rẹ̀. Wáyà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò pọ̀ lọ́jà, kì í sì í gbé áńpù tó bàbà gidi bí wọ́n tilẹ̀ nípọn bákan náà.

Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára lọ́ọ̀gì. 35-8 túmọ̀ sí pé wáyà tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 35 mm² ló wọ inú rẹ̀, bóòtù mílímítà 8 ló sì wọ ojú ihò rẹ̀. Bí wáyà kò bá wọlé, lọ́ọ̀gì ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gé nínú okùn wáyà kó lè bá a wọlé. Okùn tí wọ́n gé kúrò, áńpù tí kò ní rọ́nà gbà mọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe fún un mọ́ wáyà tún ṣe pàtàkì ju oríṣi tí ẹ rà lọ. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára epo fún lọ́ọ̀gì, tí àmì onígun mẹ́fà máa ń hàn lára rẹ̀, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníná kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún un. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù máa ń ní àlàfo nínú, bí kò tilẹ̀ hàn lójú. Èyí tí wọ́n fi òjé nìkan jó mọ́ ọn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn: òjé tí àwọn oníná sábà ń lò máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 183, bí ojú ìsopọ̀ bá sì gbóná débẹ̀, wáyà á yọ jáde.

Bóòtù: irin oní-síǹkì, sìténléèsì, idẹ

Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ló dín lówó jù, ó sì lágbára. Lórí bátìrì dídì tàbí ti lítíọ̀mù, ó ń ṣiṣẹ́. Lórí bátìrì olómi tí ẹ ń bomi sí, èéfín ásíìdì á jẹ síǹkì náà tán, irin á dípẹtà, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ tú u, ayùn irin ni yóò gbà á.

Sìténléèsì ni kí ẹ rà bí owó bá ká a. Ásíìdì kì í tètè rí i jẹ. Àmọ́ kì í gbé iná dáadáa: bàbà fi nǹkan bí ìlọ́po 40 jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́ṣà sìténléèsì kò fi gbọ́dọ̀ sí láàárín lọ́ọ̀gì àti tẹ́míná láéláé. Ohun kejì ni pé nọ́ọ̀tù rẹ̀ máa ń há mọ́ bóòtù bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yí i kíákíá. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi yí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wá A2 tàbí A4, àmì oríṣi sìténléèsì, lórí bóòtù. A2 tó fún inú ilé ní Òṣogbo.

Idẹ kì í dípẹtà, ó sì ń gbé iná ju sìténléèsì lọ, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le á ti já eyín rẹ̀ kí ó tó dì. Irin tí wọ́n kùn láwọ̀ idẹ náà wà lórí àtẹ, nítorí náà ẹ mú òòfà dání. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi òòfà kàn án ná.” Bó bá gbá òòfà mú ṣinṣin, irin ni, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Sìténléèsì gidi lè fà á díẹ̀, ìyẹn kò burú.

Wọ́ṣà, àti bí bóòtù ṣe gùn tó

Tẹ́míná, lọ́ọ̀gì, wọ́ṣà pẹlẹbẹ, wọ́ṣà sípíríǹgì, lẹ́yìn náà orí bóòtù. Bí ẹ bá rí wọ́ṣà kankan lábẹ́ lọ́ọ̀gì, ẹ ní kí wọ́n tú u. Bóòtù tó gùn jù á kan ìsàlẹ̀ ihò, ẹ ó rò pé ó ti dì, lọ́ọ̀gì á sì máa mì. Nọ́ọ̀tù alápá tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kò tó fún ínfátà ńlá.

Fún bátìrì olórí òjé bíi ti ọkọ̀, kíláǹpù òjé tàbí idẹ tó nípọn dára; èyí tí wọ́n fi páànù tẹ̀ kò dára rárá. Orí pọ́sítífù nípọn díẹ̀ ju nẹ́gẹ́tífù lọ, torí náà ẹ ra méjèèjì bó ṣe yẹ, kí ẹ má ki ìṣó bọ àlàfo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń dì í

Ìwé tó bá bátìrì wá máa ń sọ bó ṣe yẹ kó le tó. Ẹ bá oníná kà á, pàápàá lórí lítíọ̀mù tí ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6, torí eyín ibẹ̀ tètè ń já. Òjé máa ń rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ bóòtù, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Fasilíìnì tí ẹ ó fi pa á, ẹ̀yìn tó bá ti dì tán ni.

Kí ẹ bọ́ òrùka. Kí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù wé sípánà títí ó fi ku ẹnu nìkan. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí: gáàsì háídírójìn tí bátìrì olómi ń tú jáde nígbà tó bá ń gba iná lè gbiná bó bá ti tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá, ìtapàrà sípánà kan sì tó láti tan án. Fíyúùsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́sítífù, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ bo tẹ́míná méjèèjì.

Kí ẹ tó lọ sí ìsọ̀, ẹ wo inú páálí bátìrì dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi bóòtù tirẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan níbẹ̀. Èyí gan-an ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ wọn bí ihò tẹ́míná ṣe jìn tó, kí ẹ sì mú ìwọ̀n yẹn àti lọ́ọ̀gì dání lọ sọ́jà.