Ìkòkò prẹ́ṣọ̀ tí mo rà: ẹran rọ̀ o, àmọ́ rọ́bà ẹ̀ yẹn...

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé gáàsì ti wọ́n, ẹ wá gbọ́ o. Mo ra ìkòkò prẹ́ṣọ̀ kan lóṣù tó kọjá, irú èyí tí ìdérí ẹ̀ máa ń dé pinpin kí ooru inú ẹ̀ lè tètè se oúnjẹ, ti orí gáàsì ni, kì í ṣe oníná. Ẹran màlúù tó le bíi bàtà, tí mo máa ń sè fún wákàtí kan àbọ̀, ìṣẹ́jú 25 péré ló gbà, mo kàn fi àlùbọ́sà, iyọ̀, táìmù, Maggi àti omi ife kan sí i, ó fọn fèrè, mo dín iná kù, ó tán. Àmọ́ ẹ má da ata sínú ẹ̀ o! Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo da ata lílọ̀ tó ki mọ́ ẹran, kí n tó mọ̀ ó ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò, dúdú bí èédú. Ní báyìí mo máa ń dín ata lọ́tọ̀ kí n tó da ẹran àtomi ẹ̀ sí i.

Rọ́bà ìdérí ẹ̀ ló ń bí mi nínú, kò tíì pọ́sẹ̀ mẹ́ta tóoru fi ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní "àǹtí, ẹ máa rọra tì í". Rọra kẹ̀? Owó ara mi ni mo fi ra rọ́bà òmíì.