Mo gun òkè Olúmirìn dé ìpele keje: ohun tí ẹsẹ̀ mi rí níbẹ̀

Àbúrò mi tó ń gbé ní Òkè-Fìà ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tó padà láti ìpele kejì, kò tíì débẹ̀." Omi Olúmirìn tó ń já bọ̀ láti orí òkè ní ìpele-ìpele níbẹ̀ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kó àwọn ọmọ iléèwé wa lọ síbẹ̀ láti Òṣogbo, ìpele kejì náà la sì máa ń dúró sí: a ó ya fọ́tò, a ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, a ó wọ ọkọ̀ padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá yìí, èmi àti àbúrò mi gùn ún dókè pátápátá.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la kúrò ní Òṣogbo. A gba Iléṣà, a bọ́ sí títì Àkúrẹ́. Téèyàn bá ti ń súnmọ́ Ẹ̀rìn, á rí òkè gbọọrọ kan lápá òsì tó nà tàn-ń-tàn bí odi ìlú. Orí òkè yẹn ni Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ níhà tiwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ni Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà. Láti òkè yẹn ni omi Olúmirìn ti ń já bọ̀, ìpele méje ló sì fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ni pé Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà lóbìnrin, tó tẹ ìlú náà dó, ló kọ́kọ́ rí omi yìí. Ọdún 1140 ni wọ́n máa ń pè é.

Ìpele kìíní àti ìkejì ò ní wàhálà, arúgbó tó bá rọra lè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀ pupa, gbòǹgbò àti àpáta ló kù, òkè náà sì dúró ṣánṣán débi pé orúnkún èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Gbòǹgbò kan wà ní ọ̀nà ìpele kẹta tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Àwọn tó ti ń gùn ún ti fọwọ́ pa á títí tó fi ń dán bí ọmọ odó tí wọ́n ti fi gúnyán fún ogún ọdún. Ìgbà tí mo dì í mú ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Ọmọ ìlú náà kan, ọ̀dọ́kùnrin, ló ṣe afinimọ̀nà wa. Ìràwọ̀ márùn-ún pé pérépéré ni mo fún un. Ó gé ọ̀pá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, òun ló ń kọ́kọ́ tẹ àpáta wò kó tó ní ká máa bọ̀. "Ẹ má di koríko mú o. Gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ dì mú." Òkúta ibẹ̀, quartzite ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é. Ó le koko, etí rẹ̀ mú, ó sì gé mi látẹ́lẹwọ́. Níbi tó bá gbẹ, ẹsẹ̀ máa ń dúró lórí rẹ̀ dáadáa, àmọ́ níbi tí omi ń gbà, ó yọ̀ ju ilá lọ.

Bàtà ló dà mí. Mo ra kánfáàsì tuntun nítorí ìrìn yìí, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé òkè ni wọ́n ṣe é fún. Kò tíì rin omi ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi la ẹnu bí ẹja, ní ìpele kẹrin, níbi tí kò ti sí bí mo ṣe lè bọ́ ọ. Àbúrò mi tú okùn àpò rẹ̀, ó fi dì í mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Inú bí mi gan-an, torí mo béèrè dáadáa kí n tó sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ bàtà yín sómi mọ́jú nílé, kẹ́ ẹ sì fi rìn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbẹ̀.

Ìpele keje rèé: omi tó ń hó yaya nísàlẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń ṣàn lókè níbẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, òrùlé ilé àwọn Ìjẹ̀ṣà ń tàn láàárín igbó. Mo jókòó, mo jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo dì dání, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo kábàámọ̀ gbogbo ìgbà tí mo ti padà láti ìpele kejì.

Ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ niṣẹ́. Orúnkún mi ń gbọ̀n, ojú mi sì ń rí ibi tí mo lè já sí. Afinimọ̀nà wa ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọjú sí àpáta, ẹ máa fi ẹ̀yìn sọ̀, bí ẹni ń sọ̀ lórí àkàbà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Lọ́nà, a pàdé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó wọ sílípáàsì, ó sì bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi yí padà. Ó wù mí gan-an kí wọ́n ta okùn tó nípọn sí ibi tó dúró ṣánṣán jù lọ lẹ́yìn ìpele kẹta.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé òkè, ẹ má lọ nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, torí omi á pọ̀ lápọ̀jù. Tó bá sì di oṣù kejì, ọ̀gbẹlẹ̀ á ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀. Ẹ tètè gbéra láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì bá afinimọ̀nà sọ iye owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, torí ó yàtọ̀ sí owó ìwọlé. Nọ́ńbà afinimọ̀nà tiwa wà lórí fóònù mi. Èmi àti ẹ̀ ti jọ dá ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, olùkọ́ mẹ́rin nílé ìwé wa ló sì ti ní àwọn ń bá mi lọ.