Open Camera fún sánmà ìrọ̀lẹ́, ìgbà ọyẹ́ àti ọjọ́ ọdún: àgbéyẹ̀wò

Bí oòrùn bá ń wọ̀, tí sánmà pọ́n bí epo, kámẹ́rà tó bá fóònù wá á sáré bá ọ tún un ṣe. Á dín pípọ́n rẹ̀ kù, á mú ilẹ̀ mọ́lẹ̀, fọ́tò náà á wá dà bí èyí tí wọ́n yà ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Nítorí èyí ni mo ṣe fara mọ́ Open Camera. Áàpù Android ni, Mark Harman ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó nínú rẹ̀. Ó wà lórí Google Play àti F-Droid (ibòmíràn tí a ti ń gba áàpù ọ̀fẹ́).

Ohun àkọ́kọ́: wọ Settings, wá "Camera API", kí o yan "Camera2 API" (ọ̀nà tí áàpù fi ń darí kámẹ́rà fóònù) bí kò bá tíì wà níbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o kò ní rí ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) tí a ń fọwọ́ yàn, o kò sì ní rí RAW (fáìlì fọ́tò tí fóònù kò tíì tún ṣe). Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa áàpù náà tì pé kò yàtọ̀ sí ti fóònù wọn. Fóònù mìíràn kì í gba Camera2. Àmì "+/-", tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún tàbí dín in kù, ṣì máa wà fún ọ, òun náà sì ti tó fún sánmà.

Lọ́dọ̀ wa, ìwọ̀ oòrùn kì í dúró deni. Bí oòrùn bá ti rì, bí ìṣẹ́jú 22 péré ló kù kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta, mú "White balance" (bí kámẹ́rà ṣe ń tún àwọ̀ ṣe) kúrò ní "Auto", fi sí "Daylight". Auto gbà pé àléébù ni pípọ́n yẹn, á sì máa fi àwọ̀ búlúù pa á. Lẹ́yìn náà, fa "+/-" wá sí bí -1. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú sánmà ìrọ̀lẹ́, àwọ̀ pupa ló ń kọ́kọ́ kún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, pupa ti dé òpin, àwọ̀ ewé ṣì ń gòkè, ohun tó pọ́n á wá di yẹ́lò. Wo etí oòrùn dáadáa lójú fóònù: bó bá ti ń di yẹ́lò, tún dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ilẹ̀ á ṣókùnkùn. Jẹ́ kó ṣókùnkùn, kí ọ̀pẹ tàbí òrùlé páànù dúró dúdú níwájú sánmà. Fi "Focus" sí "Infinity" kí fóònù má baà máa wá ewé tó wà nítòsí kiri.

Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà á sọ oòrùn di àwo pupa, ṣùgbọ́n bíńtín ló máa ń jẹ́ nínú fọ́tò. Lórí lẹ́ńsì fífẹ̀ tó wọ́pọ̀ lára fóònù, nínú àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 4000, oòrùn kò ju bí 30 lọ. Fífi ìka fẹ̀ ẹ́ kàn ń gé àwòrán ni. Wá nǹkan tó lẹ́wà fi síwájú rẹ̀. Fẹ́ eruku kúrò lójú lẹ́ńsì kí o tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún, nítorí iyanrìn wà nínú eruku yẹn, ó sì lè ha á.

Ní Ojúde Ọba, ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, oòrùn ọ̀sán máa ń tó láti mú ẹṣin tó ń sáré dúró ṣinṣin. Má fọwọ́ kan ISO. Ojú àwọn ènìyàn ló ṣòro. Bí regbérégbé kan bá wọ funfun kọjá, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú ojú gbogbo wọn ṣú. Tẹ ojú ẹnì kan, kí o tẹ àmì àgádágodo, ìmọ́lẹ̀ kò ní yí mọ́. Má lo HDR níbẹ̀: fọ́tò mẹ́ta ló ń pa pọ̀, ẹsẹ̀ ẹṣin á di méjì-mẹ́ta.

Lábẹ́ àtíbàbà tó ṣú, àti lóru láìsí ohun tí o fi gbé fóònù dúró, padà sí kámẹ́rà fóònù rẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ju Open Camera lọ níbẹ̀. RAW náà ń jẹ àyè: fáìlì kan láti kámẹ́rà megapixel 12 tó bí MB 24, bí ogójì fọ́tò á sì gba GB kan. Sánmà nìkan ni mo ń fi í yà.