EU àti ECOWAS: òfin ta ló múlẹ̀ jù?

Téèyàn bá wò wọ́n lókèèrè, EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, àti ECOWAS, àjọ ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, jọra: àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé ti ara wọn ló para pọ̀, kí ọjà àti èèyàn lè máa rìn fàlàlà. Agbára òfin ni wọ́n fi yàtọ̀. Àwọn òfin EU kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ó ti di òfin ní orílẹ̀-èdè 27 nìyẹn, kò dúró de ilé aṣòfin ẹnikẹ́ni. Ìjọba tó bá ṣagídí, ilé ẹjọ́ wọn ní Luxembourg lè bu owó ìtanràn lé e. ECOWAS náà ní ilé ẹjọ́ l'Ábújá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdájọ́ rẹ̀ làwọn ìjọba kì í tẹ̀ lé.

Ní ti ìrìnnà, ECOWAS ò kẹ̀rẹ̀ rárá: láti 1979 ni àdéhùn ti wà pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ orílẹ̀-èdè mìíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. (Owó táwọn kan ń gbà lẹ́nubodè ò sí nínú àdéhùn o.) Owó àjùmọ̀ná ńkọ́? Euro ti ń yí lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti 2002. Eco, èyí tí ECOWAS fẹ́ máa ná, ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Kíkúrò ò sì rọrùn níbì kankan. Bírítéènì dìbò ní 2016, ó di 2020 kó tó jáde. Mali, Burkina Faso àti Niger kéde tiwọn ní oṣù kìíní 2024. Ọdún kan gbáko ló gbà wọ́n kí wọ́n tó jáde ní ECOWAS.