Ilé ìkọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ògo-Olúwa, Òṣogbo: ìdánwò méjì tí wọ́n ṣe fún ọmọ mi

Ọmọ mi mú 46 nínú 50 wálé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kọ̀ǹpútà ni o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ ọ lásìkò họlidé, ₦15,000 ni mo san. Inú mi dùn débi pé mo yá láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, mo ní kí ọmọ mi bá mi kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ mí lówó síbẹ̀. Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ìyẹn ò burú. Nígbà tó kan ká tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, ojú mi ló ń wò. Ó pa láptọ́ọ̀pù, gbogbo rẹ̀ sì ṣòfò.

Mo gba ìwé ìdánwò, mo kà á. "Ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù." "Dárúkọ ìran kọ̀ǹpútà márààrún." Orí ìwé ni wọ́n ti ṣe é látòkè délẹ̀.

Télọ̀ ni mí, lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ò lè ya àwòrán máṣíìnì kó fi gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Aṣọ ni màá gbé fún un, kó gé e, kó rán an lójú mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Anti tó ń gbowó ò gbójú kúrò lára fóònù: "Sáà ti parí, mà. Ọmọ yín sì pàsì." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní n ò lọ. Ó tó wákàtí kan kí tíṣà tó jáde. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la ní, ọmọ mẹ́tàlélógún ni wọ́n, iná ò sì sí lọ́jọ́ náà." Mo ní láti 2015 ni JAMB ti kó ìdánwò wọn kúrò lórí ìwé. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ta ni yóò ní kó ya kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀? Kò jiyàn. Ó ní kí n mú un padà wá lọ́jọ́rú.

Lọ́jọ́rú, ó ní kí ọmọ mi tẹ lẹ́tà sí ìyá àgbà, kó tọ́jú rẹ̀, kó pa kọ̀ǹpútà, kó lọ mumi, kó padà wá ṣí i. Ó wá a títí, kò rí i. Mo ti dìde. Tíṣà na ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rárá. "Níbo lo ní kó gbé e sí?" Ọmọ náà dákẹ́, ó dákẹ́ gan-an. Ó rí i! Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni tíṣà fi bọ́tìnnì mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ṣe JAMB láìlo máòsì hàn án. Kò fún un ní máàkì kankan. Ohun tó lè dá ṣe ló kọ sílẹ̀, àti èyí tó kù.

Anti yẹn ṣì gba ₦1,000 owó jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo ti san ti họlidé tó ń bọ̀, tíṣà yẹn náà ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn, torí ọmọ mẹ́ta péré ló wá lọ́jọ́rú yẹn, ọmọ àwa òbí tá a jà. Ogún ọmọ yòókù ṣì wà nílé pẹ̀lú máàkì orí ìwé.